Ẹ̀ka Efinrin Tí Mo Jù Nù

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí.

Màámi wá láti bárékè kí mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi rí efinrin Falmata, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá, nínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé. Wọ́n já ewé kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Kai, ’yata, sannu da aiki!” Wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ wọn, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, lójú èmi tí wọ́n bí. Falmata ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́: “Na gode, Mama.”

Èmi ni Màámi fún ní efinrin yẹn o! Ooru Maiduguri ló gbẹ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá fà á tu, mo jù ú nù. Falmata ló ṣa ẹ̀ka kan níbẹ̀ tó kì í bọ omi. Omi àlùwàlá rẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ló ń bù sí i.

Nígbà tí mo sìn wọ́n dé géètì, Màámi rọra ní, “Tèmi nílé ti kú. Bá mi tọrọ ẹ̀ka kan lọ́wọ́ ọmọ yẹn.”

Kí n tọrọ efinrin wa!

Mo tọrọ ọ́ ṣá. Falmata ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi gé ẹ̀ka méjì. Ó ní ọ̀kan fún Màámi, ọ̀kan fún èmi.

Ká ní ó tiẹ̀ láhun ni, ara ì bá tù mí.