Olóògbé Jimoh Ọládàpọ̀ Ṣùpọ̀ àti Ìwé Ìròyìn Mọ́kànlá (1939–1995)

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Alàgbà Ṣùpọ̀ sí lọ́dún 1939. Àáfà onílé-kéwú ni bàbá wọn. Kí wọ́n tó mọ ABD ni wọ́n ti mọ lẹ́tà Lárúbáwá kà.

Lọ́dún 1964, wọ́n rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Alma-Ata, ní ilẹ̀ Kàsákì lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́tì. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbọ́ èdè Kàsákì. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Ráúṣán, bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ka Kùránì. Ó mú ìwé ìròyìn mọ́kànlá jáde lábẹ́ aṣọ. Bàbá rẹ̀ ló kọ wọ́n ní 1926, tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí àwọn abúlé, kí wọ́n sì fi èdè Kàsákì kọ́ àwọn ọmọ. Ní 1937, ọlọ́pàá ìjọba mú bàbá náà lọ, kò padà wálé mọ́. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ èdè Kàsákì inú ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba sì ti pààrọ̀ lẹ́tà èdè náà láti ìgbà yẹn, Ráúṣán kò lè ka ohun tí bàbá tó bí i kọ. Alàgbà Ṣùpọ̀ ló kà á sí i létí.

Nígbà tí Alàgbà ń kúrò ní Alma-Ata ní 1970, Ráúṣán bẹ̀ wọ́n: "Bá mi gbé wọn lọ. Bí ọlọ́pàá bá bá wọn nílé mi, mo gbé."

Ní 1972, wọ́n gbé Alhaja Medinat níyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Woolwich. Ògiri ilé wọn ní Thamesmead máa ń rin, nítorí náà Alhaja fi ọ̀rá wé àwọn ìwé náà dáadáa.

Lẹ́tà Ráúṣán dé ní 1990: "Ojú mi ti ń ṣú. Ẹ mú bàbá mi wálé."

Dókítà ti kìlọ̀ pé ọkàn Alàgbà kò lágbára. Alhaja figbe ta: "Daddy Irfan, bí wọ́n bá tì yín mọ́lé ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Medinat. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í ṣe tiwa."

Ní pápákọ̀ òfuurufú Alma-Ata, òṣìṣẹ́ ìjọba kan gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ó ní ta ló kọ ọ́. Alàgbà mọ̀ pé bí orúkọ náà bá jáde lẹ́nu àwọn, ilé Ráúṣán ni ọlọ́pàá máa yà sí. Wọ́n panu mọ́. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ọkùnrin náà sì ń lérí àtìmọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ni Ráúṣán, tó ti ń dúró níta láti àárọ̀, fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Bàbá mi ló kọ ọ́," ló wí, ó sì dárúkọ rẹ̀ ketekete.

 Òṣìṣẹ́ náà fi ọwọ́ méjèèjì kó ìwé náà fún un.

Alàgbà Ṣùpọ̀ jáde láyé ní oṣù Kẹta ọdún 1995. Wọ́n fi Alhaja Medinat sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Irfan, Habeebah àti Sakeenah, àti ọmọ-ọmọ kan, Faiz.

Jimoh, ọmọ Àáfà, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn Àlùjánnà fún yín láìbi yín ní ìbéèrè.