Ọwọ́ Màmá àti Eegun Eder

Mọ́ńdè, 4 Oṣù Kẹta
Wọ́n gbé Eder lọ. Àbúrò mi, ọmọ oṣù mẹ́ta! Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀ nílé ìwòsàn: apá ti kán, eegun ìhà náà ti kán tẹ́lẹ̀, ó ti ń jinná. Obìnrin ìjọba dé. Lọ́fínńdà rẹ̀ lè pa gbogbo ẹ̀fọn ìlú Barranquilla. Ó ní, "Màdáámù, ta ló ń lu ọmọ yìí?" Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Màmá. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò lé mi lórí báyìí, ẹ̀wà á jinná.

Túsìdeè, 5
Inú ń bí mi. Ó tán.

Tọ́sìdeè, 7
Àṣírí tú. Màmá Àgbà ló gbé Eder lọ bá Don Eliécer, atoeegun àdúgbò, kó fi òróró wọ́ ọ torí ẹkún. Òun ló wọ́ gbogbo wa ní kékeré. Apá dún kẹ́! Màmá Àgbà panu mọ́, torí dókítà máa ń bú ẹni tó bá lọ síbẹ̀. "Ṣé kí ọmọ àná wá bú mi ni?" Mo ní, "Kí wọ́n kúkú gba ọmọ lọ, kí wọ́n má ṣáà bú yín!" Sálúbàtà fò. Mo yẹ̀ ẹ́.

Mọ́ńdè, 11
Màmá Àgbà jẹ́wọ́ fún obìnrin ìjọba, Lọ́fínńdà. Lọ́fínńdà ní, "Ìhà ńkọ́?"
Doña Candelaria òdìkejì ilé wa ní, "Ọwọ́ ìyá ẹ mà le o." Mo ní, "Ẹ gbé ahọ́n yín lọ fún Don Eliécer, bóyá ó máa kán."

Fráìdeè, 15
Dókítà tuntun. Ojú Màmá ló kọ́kọ́ wò. Funfun ojú Màmá dà bí aró tí wọ́n bu omi là. Tèmi bẹ́ẹ̀, ti Eder bẹ́ẹ̀. A tún máa ń fi yangàn! Ó ní ṣé eegun Màmá kán rí lọ́mọdé? Ẹsẹ̀. Ọrùn ọwọ́. Ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní nǹkan kan wà bí okùn tó ń di eegun mú, kólájẹ̀nì ni wọ́n ń pè é. Tiwa ò tó, ìyẹn ni eegun wa fi ń tètè kán. Wọ́n bí i mọ́ wa ni. Èmi tí mò ń fo ògiri bí ewúrẹ́! Ó gba ẹ̀jẹ̀ wa.

Wẹ́sìdeè, 17 Oṣù Kẹrin
Èsì dé. Òótọ́ ni. Wọ́n gbé Eder wálé. Lọ́fínńdà ní, "Ẹ má bínú." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ó ṣe mí bíi kí n gé e jẹ.
Nọ́ọ̀sì ní kí a máa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí a má di abíyá rẹ̀ mú gbé e bí Màmá ti máa ń ṣe, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìhà ṣe kán. Ó nà án sí Màmá. Màmá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.
"Yoleida, ìwọ gbà á."
"Màmá, ọmọ yín mà ni."
"Mo ní kí o gbà á."
Mo gbà á. Ó ń fẹnu wá ọmú láyà mi. Èmi! Màmá dúró síbẹ̀, omi ọmú ti mú aṣọ rẹ̀ tutù níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.