Ògiri Ò Lanu, Omi Ń Wọlé

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Kejìlá, Òpópónà Ilé-Ẹ̀kọ́,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Èmi náà wà. Mò ń jẹun, mò ń lọ sí kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń tó ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, bí n kò bá ròyìn ara mi fún yín, ikùn mi yóò bẹ́.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé omi ń wọ yàrá mi. Ilé oníkọnkéré ni, ògiri rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí. Síbẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀, omi á ṣàn láti ìdí fèrèsé títí dé orí ìwé mi. Ìyá onílé ní n kì í ti fèrèsé ni. Wọ́n ní, "Akẹ́kọ̀ọ́, tí ilẹ̀ yìí bá tún rin lẹ́ẹ̀kan sí i, o máa wá ilé míì gbé." Mo máa ń tì í o! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Awòmásọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun mi, ó padà.

Wọ́n pe bíríkìlà. Ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́, nítorí náà ibi tó ti lanu lòun ń wá. Ó gbá ògiri títí, kò rí nǹkan kan. Ó wá ní ká fọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yíká, ká yọ ọ́, ká tún un tò. Kí n kó ẹrù mi jáde kí òun tó dé lọ́la. Ibo ni kí n kó o lọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò dé. Mo kúnlẹ̀ níwájú fèrèsé bí ẹni ń gbàdúrà, mo ń wò. Òkè gbẹ, ẹ̀gbẹ́ gbẹ. Ojú irin tí gíláàsì ń gbà rìn nìkan ni omi ń kún, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀ sínú yàrá. Mo bọ́ sínú òjò, mo lọ wo fèrèsé kíláàsì wa láti ìta. Ihò kékeré méjì wà nísàlẹ̀ irin tiwọn, omi ń gba ibẹ̀ jáde. Mo padà wá wo tèmi: àbẹ́là ni wọ́n fi dí i pa!

Ní ọjọ́ kejì, bí bíríkìlà ṣe gbé òòlù sókè ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Èmi ni! Mo bu omi sójú irin, ó ṣàn sínú yàrá. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ àbẹ́là, mo tún bu òmíràn, ó gba ìta lọ wẹ́rẹ́.

Bíríkìlà béèrè ẹni tó dí i. Ìyá onílé wolẹ̀. "Èèrà ni mo dí i fún. Mo ṣe bí ẹni tó ṣe fèrèsé ló gbàgbé ihò síbẹ̀."

"Háà, Ìyá! Ẹ lé èèrà, ẹ wá pe òjò wọlé! Ògiri ò lanu o. Ẹnu tó yẹ kó là lẹ pa dé."

Ẹ̀rín pa wá. Ìyá onílé ní kí n máà bínú, wọ́n sì bá mi nu ilẹ̀ fúnra wọn.

Àná, òjò rọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Ibi tí mo jókòó sí, tí mò ń wo ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, ni ayálégbé ẹ̀gbẹ́ mi, tí kò kí mi rí, ti kan ilẹ̀kùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ mọ fèrèsé wò? Tèmi náà ń jò." Wákàtí méjì la fi sọ̀rọ̀, fèrèsé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ẹ máa wá orúkọ mìíràn fún mi o.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Awòmásọ̀rọ̀ àná