Adé Ejò Olórí Méje

Rónkẹ́,

Mo ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Iṣu wà nínú ìkòkò. Mi ò jẹ ẹ́, kì í ṣe pé kò dùn.

Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń pa ejò olórí méje inú géèmù orí fóònù yẹn nítorí adé rẹ̀, eegun lásán ló ń bọ́ fún mi. Ìwọ ìyàwó mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní géèmù náà lánàá, o pa á lẹ́ẹ̀kan péré láàárọ̀ yìí, adé bọ́ sílẹ̀. O wá ń bi mí pé, "Bàbá Iyìọlá, ṣé èyí náà lẹ ń wá?"

Má bínú sí ohun tí mo ṣe nígbà tí o lọ pọnmi. Mo gbé fóònù rẹ, mo fẹ́ fi adé náà ránṣẹ́ sí ara mi, kò gbà.

Má tà á o. Ṣùgbọ́n má dé e níṣojú mi tí mo bá padà sílé lónìí.

Ọláòtán