Ìkẹ́dùn lórí Màmá Àtinúkẹ́ Bámijókò, Ẹni Tó Wẹ Òkú Tí Àwa Sá Fún

Sí Motọ́láyọ̀ àti Jeremiah Bámijókò, Emure-Èkìtì.

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ àti ojú tí kò ṣeé gbé sókè ni Ẹgbẹ́ Ìyá Onífẹ̀ẹ́, Emure-Èkìtì, fi ń bá yín kẹ́dùn lórí ìyá yín tó papòdà. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àtẹ̀mọ́ra. Bó ti wù kí ìyá ẹni dàgbà tó, ikú rẹ̀ a máa dun ni wọnú eegun.

Bí a bá ní ká máa ka iṣẹ́ Màmá nínú ẹgbẹ́ yìí, ilẹ̀ á ṣú. Àwọn ni olórí alásè wa. Àwọn ló fi òfin lélẹ̀ pé opó kankan nínú wa kò gbọ́dọ̀ dáná lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀, pé ẹgbẹ́ ni yóò gún iyán àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jẹ oore òfin yẹn.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹnu ara wa la fẹ́ fi sọ ọ́. Victor, ọmọkùnrin tó ti òkèèrè wá ṣe lébìrà nínú oko kòkó, ni wọ́n lù pa lójú ọ̀nà oko, wọ́n ní ó jí kòkó gbígbẹ. Àwọn kan ní ká wọ́ òkú rẹ̀ jù sígbó. Màmá ló fi igbe ta pé, "Ọmọ ulé kan ni o!", pé ọmọ ilé kan lòun náà. Màmá fúnra wọn pọn omi, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ òkè ọkọ wọn wọ̀ ọ́, wọn ò sì kúrò nídìí rẹ̀ títí a fi sin ín sí itẹ́ òkú bí èèyàn. Kò pẹ́ tí olóko rí kòkó rẹ̀ níbi tí ọmọ tirẹ̀ gbé e pamọ́ sí. Olè kọ́ ni Victor. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jáde sọ ọ́ fún ìlú, bí Màmá ti bẹ̀bẹ̀ tó, títí ọlọ́jọ́ wọn fi dé.

Kí ni àwa wá ṣe? A ò lè jẹ oúnjẹ láti ọwọ́ tó wẹ òkú yẹn mọ́. A ò sì lè sọ ọ́ lójú Màmá, la bá fi àpọ́nlé bò ó. Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ààrẹ wa, Ìyáàfin Fẹ́yìsetán, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú wọn, ó ní àgbà ti dé, kí wọ́n fi orógùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n wá jókòó síwájú. Ẹ wo irọ́ lórí ìkúnlẹ̀! Màmá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jókòó. Wọ́n mọ̀. Wọn ò tún fọwọ́ kan ìkòkò ẹgbẹ́ mọ́ láyé wọn.

Èyí tó burú jù rèé: àwọn ọmọ tiwa wà lára àwọn tó lu Victor, a sì mọ̀. Bí a bá ti rí ọwọ́ Màmá, ọwọ́ àwọn ọmọ wa la ń rí. Háà, ojú tì wá!

Motọ́láyọ̀, ẹ ti ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọwọ́ kan òkú ìyá yín, ká má sì wá dáná níbi ìsìnkú wọn. Ẹ jàre. A ò ní rán ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú yìí, kí Màmá tó wọlẹ̀, a ó ka ìwé yìí sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ wa yóò sì dìde dúró bí a ti ń kà á. Lẹ́yìn ìsìn, àwa ìyá wọn la ó mú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn ò fẹ́ lọ. Àwa la ó di ọwọ́ wọn mú débẹ̀.

Kí Ọlọ́run nu omijé yín nù, kó má fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kó sì tù yín nínú. Ní tiwa, kó má tíì tù wá nínú.

Títílọlá Akíntọ́lá,
Akọ̀wé ẹgbẹ́, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí yóò dìde.