Ààrẹ Ilẹ̀ Yín àti Àga Tèmi

Peckham, London
Ọjọ́ Jímọ̀

Bàrákàt ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó bá ọ nílé ní Baltimore, kó bá ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara ìyá rẹ le. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tí kò jẹ́ kí n gbàgbé pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì. Má jẹ̀ẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà. Tí mo bá pè, a ó tún jà ni.

Ìjà ọjọ́sí ṣì ń dùn mí. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ gba ìwé ọmọ ilẹ̀ America, ẹ kò mọ̀ ju ariwo lọ, pé ọdún méjì lẹ fi ń polongo ìbò, ọdún méjì tó kù lẹ fi ń bú ẹni tí ẹ dìbò fún. O ní, "Daddy, at least àwa ń dìbò." O sì pa fóònù. Àfojúdi ni mo pè é nígbà náà.

O rántí ẹgbẹ́ àdúrà wa nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ní Old Kent Road, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́tùn-ún, tí àwọn tó ń fọ mọ́tò wà lósì. Ìmáàmù ló ni àdúrà, èmi alága ni mo ni ètò. Ní Sunday tó kọjá, lẹ́yìn àdúrà, mo tún gbé ọ̀rọ̀ America kalẹ̀. O mọ̀ mí, tí mo bá ti ka ìwé ìtàn kan tán ní láíbìrì, ara mi kì í balẹ̀. Mo sọ ti ààrẹ tó fi nǹkan bí wákàtí méjì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìbúra nínú òtútù láìwọ kóòtù, tí kò lò ju oṣù kan lọ tó fi kú. Mo sọ ti èyí tó fi ilé ìjọba sílẹ̀ ní ìdájí kó má baà fojú kan ẹni tó ń gbapò rẹ̀. Ìyá rẹ ní ìrẹsì ti tutù tán nígbà tí mo fi dé orí Washington, tó ṣe sáà méjì péré, tó padà sí oko rẹ̀. (Mo mọ̀ pé ẹrú ló ń dá oko náà. Má tìtorí ìyẹn pè mí.) Mo wá pariwo pé, "Àga kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni!" Gbogbo ilé hó yèè.

Ni Àmírà akọ̀wé wa bá kúnlẹ̀. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Ó ní, "Uncle, ẹ má bínú o. With respect, sáà mélòó lẹ̀yin ti ṣe? Because mo wo minutes wa, it's sixteen years, and honestly, mi ò rí ibi tí a ti vote."

Òótọ́ ni. Lọ́dún méjì-méjì, Alhaji Ayọ̀délé, àgbà wa, á dìde, á ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ Ọlọ́run kó fún alága wa lókun sí i. Al-Fátíhà!" Gbogbo ọwọ́ á gbéra, a ó kà á, a ó ṣe àmín, a ó fọwọ́ pa ojú. Ó parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ jiyàn lẹ́yìn Fátíhà? Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti fọwọ́ pa ojú bí ẹni tí wọ́n fipá mú.

Inú bí mi. Mo ní kí Àmírà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé kó tó máa ka minutes. Ó sunkún jáde. Nígbà tí mò ń lọ sílé, bọ́ọ̀sì wa dúró kí dẹ́rẹ́bà mìíràn gbà á. Àwọn èrò pòṣé, àmọ́ ẹni tó ń wà á mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ tí èmi náà ṣe nìyẹn, n kò sì fìgbà kan sọ fún ẹni tó wá gbà á lọ́wọ́ mi pé kó padà sílé nítorí pé ìwakọ̀ mi wu èrò. Ojú tì mí níbi tí mo jókòó sí.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Ní Tuesday mo lọ bẹ Àmírà nílé wọn ní Sydenham. Sunday yìí ni ìpàdé ìyànsípò, mo sì ti ní kó tẹ bébà ìbò, kó wá àpótí. Ìyá rẹ ń bi mí pé kí ni n ó máa ṣe ní Sunday lẹ́yìn èyí. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàrákàt. Láti ìgbà tí mo ti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dìde tí mo bá wọlé. Síbẹ̀, n ó sọ̀kalẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ sí fún ọ, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnu rẹ yéé sọ òtítọ́, kódà níwájú mi.

Èmi ni bàbá rẹ tí o pa fóònù mọ́ létí,
Làtíìfù

Àfikún, ìrọ̀lẹ́ Sunday: Bí mo ṣe ní mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ báyìí ni Alhaji Ayọ̀délé fò dìde. "Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe alága wa. Al-Fátíhà!" Mo gbọ́wọ́ sókè, mo bá wọn kà á, mo ṣe àmín. Mo wá ní, "Ọlọ́run á gbà á o. Àmọ́ ẹni tí a kà á fún, a ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ wá gba bébà." Alhaji gan-an na ọwọ́ gba tirẹ̀. Àmírà ló borí nínú ìbò. Èmi tí n kò du ipò rí ìbò mẹ́sàn-án, mo sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá rẹ mọ̀ lára ọ̀kan. Mo gbé àga oníke sẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo jókòó. Nígbà tí Àmírà padà wọlé láti ibi tó ti lọ nu omijé, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde.