Orúkọ Tá A Sọ Ìsọ̀ Wa

Ojúlé Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá.

Ṣé o rántí eré tí mo sọ fún ọ lórí fóònù, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò ìlú gbé wá sí ilé-ìwé? Wọ́n tẹ́ àwòrán àdúgbò sórí tábìlì, wọ́n ní ká fúnra wa ṣòfin eré náà, torí àwa la mọ ibi tá à ń gbé. A sì ṣe é tọkàntọkàn. Àwa la ní ẹni tó bá mú káàdì òjò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àgbàrá ń gbà kó tó lè sún ọmọ ayò rẹ̀. Púlọ́ńbà àti ìyá oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí gọ́tà kan. Mo gbádùn ẹ̀ gan-an.

Nígbà tó kan abẹ́ páànù tá a ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin tó ń kọ orúkọ béèrè pé, "Kí lẹ̀ ń pe ibí?" Gbogbo wa dáhùn pa pọ̀ pé, "Ìsọ̀ Ọ̀lẹ." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìwọ lo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rán wa lọ pe bàbá rẹ wá jẹun, tá a bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pìtàn, tí ìfági kàn wà lọ́wọ́ wọn lásán. Bàbá fúnra wọn ló tan orúkọ náà kálẹ̀. Obìnrin náà kọ ọ́, kò béèrè ẹni tó ń jẹ́ ọ̀lẹ. Àwa náà ò sọ pé àwàdà ni. Ta ni ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ, tí Bàbá ti ń kan àga, tí àwọn ìyá ń fi ọmọ sí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́? Ẹnu ẹyẹ ló pa ẹyẹ.

Ìwé tí wọ́n kọ lórí àdúgbò wa jáde. Wọ́n ní àwọn aráàdúgbò fúnra wọn jẹ́rìí pé ọ̀lẹ ló ń jókòó síbẹ̀. Wọ́n wó páànù wa. Mo lọ bá ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, màdáàmù. A ò fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu." Mo bínú jáde. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ní tiwọn wo orúkọ, wọ́n sì wó ilé.

Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ò ríbi gbé iṣẹ́ tiwọn sí. Wọ́n kó irinṣẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò bẹ́nì kankan ṣàwàdà mọ́. Jọ̀ọ́, wá wò wọ́n, má sì sọ pé èmi ni mo sọ fún ọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Mi ò fẹ́ fi èyí tó kù kún un, ṣùgbọ́n wàá rí i tó o bá dé. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n sọ ibẹ̀ dà. Wọ́n gbé pátákó síbẹ̀, wọ́n kọ "Ìsọ̀ Ọ̀lẹ" gàdàgbà sára rẹ̀, wọ́n ní àwọn fi ń bọ̀wọ̀ fún wa ni. Àwọn mọ́tò ló ń sùn síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Orúkọ tó o sọ ọ́ ti wá rò ó.

Èmi ni, tìrẹ bíi ti tẹ́lẹ̀,
Télọ̀, ọ̀lẹ tí ò ríbi jókòó.